Ilé-Ìwé Kátólíìkì Ní Ìgbèríko: Ta Ni Yóò Máa Gbé Ẹrù Rẹ̀?

Kábíyèsí, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin Fádà àti Sístà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, mo kí gbogbo yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ní apá méjì: kí n sọ ohun tí ilé-ìwé Kátólíìkì wúlò fún ní abúlé àti ìlú kékeré, kí n sì sọ bí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe lè wà pẹ́ títí. Apá kejì ló le, òun ni n ó sì lo àkókò jù lọ lé lórí. Kí ẹ lè mọ ibi tí mo dorí kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, èrò mi nìyí: kò sígbà kankan tí owó tí òbí ń san nìkan gbé ilé-ìwé Kátólíìkì ró ní ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni mẹ́ta ló ń gbé e, àwọn ará ìlú, ìjọ, àti ìjọba. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Lónìí, a ti yọ méjì kúrò nínú ààrò náà, a gbé ìkòkò lé ẹyọ kan, a wá ń bi ara wa léèrè ìdí tí ọbẹ̀ fi ń dà.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ díẹ̀. Nígbà tí àwọn Fádà ẹgbẹ́ SMA (Society of African Missions), ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1856, wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó lọ́dún 1868, wọ́n bá Kátólíìkì níbẹ̀. Àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé ni, ọkùnrin kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Padre Antonio ló sì ń kó wọn jọ fún àdúrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àlùfáà. Èyí fi hàn pé ará ìlú ti ń gbé ìjọ ró kí àlùfáà tó dé. Lọ́dún 1876, ìjọ tẹ oko kan dó ní Tọpó lẹ́bàá Badagry, láàárín ọ̀sà àti òkun. Wọ́n gbin àgbọn síbẹ̀, wọ́n kó àwọn ọmọ jọ, wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́ oko pẹ̀lú ìwé kíkà. Ìdí tí mo fi dárúkọ Tọpó ni pé láti àkókò yẹn ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ti mọ̀ pé ilé-ìwé tó bá wà níbi tí owó kò sí gbọ́dọ̀ ní ohun mìíràn tí yóò fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí iṣẹ́ náà wọ àárín ilẹ̀, tó dé Abẹ́òkúta lọ́dún 1880, tó sì ń tàn lọ sí Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Oǹdó àti Èkìtì lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe ń dá ilé-ìwé abúlé sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì. Ọba tàbí ìdílé tó ni ilẹ̀ á fún ìjọ nílẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìwé kankan. Àwọn ọkùnrin á po amọ̀, àwọn obìnrin á pọn omi tí wọ́n fi ń pò ó, àwọn ọmọdé á máa ru koríko ìbolé. Yàrá gígùn kan ni wọ́n á mọ. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ilé-ìwé ni. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, wọ́n á tún bẹ́ǹṣì tò, á di ṣọ́ọ̀ṣì. Irin ẹsẹ̀ lọ́rì tí wọ́n so rọ̀ sórí igi máńgòrò ni agogo fún méjèèjì. Ẹnì kan náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ABD lọ́jọ́ Ajé tó sì ń darí àdúrà lọ́jọ́ Àìkú, torí pé oṣù lè pé kí Fádà tó yí dé abúlé náà. Katikíìsì yìí ló ń ka lẹ́tà fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó. Òun náà ló ń bá àgbẹ̀ yẹ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé wò nígbà tí wọ́n bá wọn kòkó rẹ̀ tán. Àwọn ará ìlú ló ń bọ́ ọ: iṣu láti ilé yìí, epo láti ilé tọ̀hún, àti yàrá kan nínú agboolé tí kò sanwó rẹ̀.

Ìjọba amúnisìn náà kò fọ́n owó ká. Lẹ́yìn òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1926, ilé-ìwé tí olùkọ́ rẹ̀ kúnjú òṣùwọ̀n, tí alábẹ̀wò sì fọwọ́ sí, ló ń rí owó ìrànwọ́ gbà. Nígbà tó yá, wọ́n á ṣírò owó oṣù àwọn olùkọ́, wọ́n á yọ iye tí wọ́n gbà pé ó yẹ kí àwùjọ fúnra rẹ̀ dá, wọ́n á sì san ìyókù. Mo fẹ́ràn ìṣirò yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn abúlé tí kò rí kòkó tà máa ń kérora lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìdí, nítorí pé ó sọ ọ́ gbangba pé ẹrù tí a pín ni. Lọ́pọ̀ ibi, owó tí ìjọba bá san lórí Fádà tàbí Sístà tó ń kọ́ni kì í dúró lọ́wọ́ ẹni náà. Àpò ìjọ ló ń lọ, inú àpò yẹn ni wọ́n sì ti ń fi páànù rọ́pò koríko ní abúlé mìíràn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 lọ́dún tó ṣáájú sí ohun tó lé ní 811,000. Kò sí ìjọba kankan lábẹ́ ọ̀run tó lè kọ́ ilé tí yóò gba irú èrò bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Inú ilé-ìwé tí àwọn ìjọ ti dá sílẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà wọ̀. Ìjọba ń san owó olùkọ́, ìjọ ń bójú tó wọn, àwọn ará ìlú sì ń fi yàrá kún yàrá. Bí ẹ bá bi mí, láti ọdún yẹn títí di nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé-ìwé Kátólíìkì ní agbára jù lọ ní ìgbèríko wa, kò sì sí àdììtú nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó ń gbé ẹrù náà pé síbẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, láti ìlà-oòrùn lẹ́yìn ogun abẹ́lé títí dé ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ọwọ́ ìjọba ni gbogbo agbára wà. Mo mọ̀ pé inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ìjọ, inú sì ń bí wọn títí di òní. Èmi kò rò pé ìwà ìkà ló fà á. Ìjọba tó ń san owó oṣù fẹ́ ní àṣẹ, àwọn olùkọ́ pàápàá fẹ́ di òṣìṣẹ́ ìjọba kí wọ́n lè ní owó ìfẹ̀yìntì tó dájú, àwọn òbí tí kì í ṣe Kristẹni sì ní ẹ̀dùn ọkàn tí mo máa tó mẹ́nu bà. Ohun tó bàjẹ́ ju àṣẹ lọ ni ìwà wa sí ilé náà. Pátákó tó kọ R.C.M. (Roman Catholic Mission) tàbí orúkọ ẹni mímọ́ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ṣí páànù kan, ìjọ á ní tìjọba ni, àwọn ará ìlú náà á ní tìjọba ni, ìjọba ìbílẹ̀ á ní kò sí owó nínú ètò ìnáwó ọdún yìí. Ojú wa báyìí ni òjò fi wó ògiri tí àwọn bàbá wa fi ẹsẹ̀ ara wọn po amọ̀ rẹ̀.

Èwo wá ni àǹfààní tí a ń sọ? Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà pé èsì ìdánwò ni. Èsì ìdánwò dára, ṣùgbọ́n ilé-ìwé aládàáni olówó ńlá ní ìgboro lè borí wa níbẹ̀. Ohun tí ilé-ìwé Kátólíìkì fún ìgbèríko tí ẹlòmíràn kò tètè fún un ni pé ó wá bá ọmọ nílé. Níbi tí ilé-ìwé bá wà, tọkọtaya ọ̀dọ́ tó ń dáko kò ní kó lọ gba yàrá ní ìgboro nítorí ọmọ tó fẹ́ wọ kíláàsì kìíní. Bí ilé-ìwé bá ti tì, ìyá àti ọmọ ló ń kọ́kọ́ lọ. Bàbá á máa lọ, á máa bọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà oko á di igbó, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún á sì gbẹ. Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí náà á fi di ibi tí àgbàlagbà nìkan ń jókòó sí. Ẹ lè rí i láti inú èyí pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé yìí kan ẹni tí kò tilẹ̀ bí ọmọ kankan.

Àǹfààní kejì ni ti àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣì ń rò pé owó tí a bá ná sórí ọmọbìnrin ilé ọkọ ló ń bá a lọ, àwọn Sístà OLA (Our Lady of Apostles) àti àwọn Sístà St. Louis ti ń kọ́ wọn, àwọn ọmọ abúlé sì tibẹ̀ di nọ́ọ̀sì àti olùkọ́. Bàbá tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó gbà kí ó lọ sí ilé-ìwé Sístà ní Oǹdó tàbí ní Àkúrẹ́, nítorí ó gbẹ́kẹ̀ lé ojú tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ni ohun ìní tó tóbi jù tí ilé-ìwé wa ní. Ó dùn mí pé a máa ń ná an ní ìnákúnàá nígbà tí olórí ilé-ìwé bá ń gba owó tí kò sí nínú ìwé, tàbí tí olùkọ́ bá ń na ọmọ bí ẹni na ẹrú tí a sì ń pè é ní ẹ̀kọ́ ìwà.

A kò gbọdọ̀ pa apá kan ìtàn mọ́. Kì í ṣe gbogbo ọmọ Mùsùlùmí tó wọ ilé-ìwé àwọn ìjọ nígbà náà ló jáde pẹ̀lú orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn kan ṣe ìrìbọmi nítorí kí wọ́n lè kàwé. Ẹ̀rù yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ lọ́dún 1923, kí wọ́n lè kọ́ ilé-ìwé tiwọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ìwé tí Àpérò Vatican Kejì, àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì gbogbo ayé, fi síta lórí ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1965 fi yé ìjọ pé kí ilé-ìwé rẹ̀ fi ọkàn sí àwọn tálákà, àwọn tí kò ní ẹbí tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́, àti àwọn tí kò ní ẹ̀bùn ìgbàgbọ́. Ní abúlé tí Mùsùlùmí, Àgùdà, Sẹ́lẹ́, Àpọ́sítélì àti oníṣẹ̀ṣe ti jọ ń gbé agboolé kan náà, ilé-ìwé tó bá ń retí ọmọ Kátólíìkì nìkan kò ní rí ọmọ ogún kó jọ. Nítorí náà, kí ilé-ìwé wa jẹ́ Kátólíìkì nínú bó ṣe ń ṣe sí ọmọ, kí ó sì jẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti wá forúkọ sílẹ̀ pé kò sí ẹni tí yóò tan ọmọ wọn kúrò nínú ẹ̀sìn ilé.

Mo fẹ́ kí a wá gbé ìṣirò wò báyìí. Ká ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ọmọ 90, kíláàsì mẹ́fà, olùkọ́ mẹ́fà àti olórí ilé-ìwé kan. Láti oṣù Keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000. Òfin náà yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọ tó ti ń wàásù ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ láti ìgbà Póòpù Leo Kẹtàlá lọ́dún 1891 kò gbọdọ̀ sá pamọ́ sábẹ́ irú ìyẹn. Bí a bá san ₦70,000 fún ẹni méje, ₦490,000 ni lóṣù, ₦5,880,000 ni lọ́dún. Ẹ pín in fún ọmọ 90, ó lé ní ₦65,000 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún, a kò sì tíì ra ṣọ́ọ̀kì, a kò tíì tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe, a kò tíì san owó ọlọ́dẹ. Àgbẹ̀ tó ní ọmọ mẹ́rin níbẹ̀ yóò wá ohun tó lé ní ₦260,000. Nítòsí rẹ̀, ilé-ìwé ìjọba wà tí kò gba owó ilé-ìwé, nítorí òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọdún 2004 sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún ìpínlẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn, ilé-ìwé ìjọba ló wà fún. Ilé-ìwé ìjọ tó bá forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aládàáni kò ní ìpín nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ àgbẹ̀ kan náà ló ń kọ́.

Nítorí ìṣirò yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé Kátólíìkì tuntun fi ń pọ̀ sí ìgboro, níbi tí òṣìṣẹ́ báńkì àti oníṣòwò ti lè sanwó. N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí a má máa pe ìyẹn ní ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́ Kátólíìkì bí ti abúlé bá ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn agbègbè tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan, ka gbogbo ilé-ìwé rẹ̀ sí ọ̀kan ṣoṣo, kí ilé-ìwé ìgboro tó ń rí èrè máa dá ìpín kan nínú owó tó ń wọlé sínú àpò kan tí a ó máa fi san ìdajì owó oṣù olùkọ́ ní ìgbèríko. Àwọn òbí ní ìgboro yóò kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni kò ti abúlé wá.

Ọ̀nà mìíràn tí iye náà fi lè dín kù ni kíláàsì àpapọ̀. Ọmọ 15 péré nínú kíláàsì kan kò pọn dandan kí ó ní olùkọ́ tirẹ̀. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ lè mú kíláàsì kìíní àti ìkejì pọ̀, kí àwọn kan máa kọ̀wé nígbà tí ó bá ń ka ìwé pẹ̀lú àwọn tó kù. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, olùkọ́ mẹ́ta àti olórí ilé-ìwé tí òun náà ń kọ́ni á tó, iye náà á sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí ₦37,000 fún ọmọ kan lọ́dún. Bí dáyósíìsì bá gbé ìdajì rẹ̀, ohun tó kù fún òbí kò tó ₦19,000. Àmọ́ irú ìkọ́ni yìí gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ gidi. Ẹni tí a bá kàn kó ọmọ kíláàsì méjì fún láìkọ́ ọ bí a ṣe ń ṣe é, igi ni yóò máa fi dá wọn lẹ́kun ariwo.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí ìgbà tí a ń gba owó, torí ó máa ń yà mí lẹ́nu pé a kò tíì yí i padà. Oṣù Kẹsàn-án ni sáà tuntun ń wọlé, ìgbà náà la sì ń lé ọmọ tí kò sanwó jáde nílé-ìwé. Ní ilẹ̀ kòkó, oṣù Kẹsàn-án ni ọwọ́ àgbẹ̀ máa ń gbẹ jù. Láti oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kìíní ni kòkó ń jáde dáadáa. Ilé-ìwé tó bá gba ìdá díẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, tó sì gba ìyókù nígbà kòkó, yóò rí owó rẹ̀ gbà ju èyí tó ń fi ọmọ sókè-sódò lọ. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí tàbí tí wọ́n ti ń fún epo, kí wọ́n wo ìgbà tiwọn.

Olùkọ́ ni ọkàn gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Olùkọ́ tó ń ti ìgboro gun ọ̀kadà wá láràárọ̀ yóò pẹ́ dé nígbà òjò, yóò sì máa wo aago láti agogo kan ọ̀sán. Kò lè jẹ́ ẹni tí katikíìsì àtijọ́ jẹ́ láwùjọ. Yàrá méjì pẹ̀lú kànga àti iná oòrùn kékeré lè mú olùkọ́ méjì dúró sí abúlé ju àfikún owó oṣù lọ. Ẹ wo ohun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ń ṣe dípò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà ní London àti Houston á dá owó jọ, wọ́n á fi kọ́ ẹnu ọ̀nà aláràbarà, wọ́n á kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i pẹ̀lú ọdún tí wọ́n jáde, wọ́n á ya fọ́tò. Ẹnu ọ̀nà náà dára, àmọ́ nínú ọgbà, ọmọ ọgọ́ta wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò tíì gba owó oṣù mẹ́rin. Kò sí ẹni tó ń kọ orúkọ olùfúnni sára owó oṣù, ìdí nìyẹn tí kò fi wu èèyàn láti dá a. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kan bá fẹ́ gbọ́ tèmi, kí wọ́n gbé owó oṣù olùkọ́ kan fún ọdún márùn-ún, kí wọ́n jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà dúró ná.

Ti ìjọba ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Èkó dá ọ̀pọ̀ ilé-ìwé padà fún àwọn ìjọ lọ́dún 2001, ìpínlẹ̀ Anambra náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn wa máa ń ké pé kí àwọn ìpínlẹ̀ tó kù ṣe é. Èmi fara mọ́ ọn fún ìgboro, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí fún ìgbèríko bí wọ́n bá dá ilé padà tí wọ́n sì kó olùkọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí owó oṣù ìjọba bá dáwọ́ dúró, owó ilé-ìwé gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, a sì ti ṣírò ohun tí ìyẹn jẹ́. Àpẹẹrẹ tó sàn wà nítòsí. Ní Ghana, ìjọba ló ń san owó olùkọ́ ní àwọn ilé-ìwé ìpìlẹ̀ tí Kátólíìkì dá sílẹ̀, tí ìjọ sì ní ọ́fíìsì tirẹ̀ tó ń bá ìjọba bójú tó wọn. Ní ilẹ̀ Ireland, tí púpọ̀ nínú àwọn Fádà àti Sístà tó kọ́ àwọn òbí wa ti wá, ọwọ́ ìjọba ni owó oṣù ti ń wá títí kan ilé-ìwé kékeré inú páríìṣì ìgbèríko, bíṣọ́ọ̀bù sì ni alábòójútó púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ nílé ni wọ́n gbé wá bá wa.

Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ní ìjà tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ti ilé-ìwé mẹ́wàá pa ní Ìlọrin lórí ọ̀rọ̀ híjáàbù. Orúkọ ìjọ, tó fi mọ́ Kátólíìkì, ló wà lára àwọn ilé-ìwé náà, ìjọba ló sì ń san owó olùkọ́ wọn. Èmi kò ní dá ẹjọ́ yẹn níhìn-ín. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí ìjọ àti ìjọba tó jọ gbé ilé-ìwé kan, kí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó ń gba olùkọ́ síṣẹ́, ẹni tó ń yan olórí ilé-ìwé, aṣọ tí ọmọ lè wọ̀, àti ẹni tí yóò dá sí i bí ìjà bá dé. Kí Ọba àti àwọn òbí Mùsùlùmí wà níbi tí wọ́n bá ti ń kọ ọ́.

Mo fẹ́ kí a jíròrò ààbò láìfi bò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn wọ ilé-ìwé Kátólíìkì St. Mary's ní Papiri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Agwara ní ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lọ. Ní tiwa níhìn-ín, lọ́dún 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé nínú ọkọ̀ wọn ní Ẹ̀mùré-Èkìtì. Ilé-ìwé tó ní ilé ìgbé fún ọmọ ní ibi tó dá wà gbọ́dọ̀ tún inú rò. Èrò tèmi ni pé kí ilé-ìwé ìgbèríko wa jẹ́ èyí tí ọmọ ń ti ilé lọ tó sì ń padà sílé lọ́sàn-án, kí ó sì wà láàárín ilé, kí ó má wà ní ìkángun ìlú, bí àwọn baba wa tilẹ̀ fẹ́ràn láti fi ilẹ̀ etí igbó tọrẹ.

Èyí gbé mi dé orí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu mi. Mo ti sọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wọ̀nyí kò ní ìwé. Ẹni tó fún ìjọ nílẹ̀ ti kú, ẹni tó gbà á ti padà sí ìlú òyìnbó, òfin ilẹ̀ ọdún 1978, tó fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, ti dé láàárín, àwọn ọmọ-ọmọ sì ti rí i pé páálọ̀ọ̀tì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń pa owó gidi. Ní ibi púpọ̀, pápá bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé tà, oko ilé-ìwé á tẹ̀ lé e. A kò lè gbin ọ̀pẹ tàbí kòkó tí yóò máa pa owó wọlé fún ilé-ìwé sórí ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí dáyósíìsì tó gbọ́n tí yóò kọ́ ilé olùkọ́ síbẹ̀. Àwọn àgbà tó mọ ibi tí pèrègún ààlà wà kò pọ̀ mọ́. Mo dábàá pé kí owó àwọn awọnlẹ̀ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yóò dá lọ́dún yìí, kí Kábíyèsí yan ọjọ́ tí àwọn ìdílé tó bá ilé-ìwé pààlà yóò jọ rin ilẹ̀ náà pẹ̀lú Fádà páríìṣì, kí ẹ̀dà ìwé rẹ̀ kan wà láàfin, kí ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ìdílé tó fún wa nílẹ̀.